Bàbá Mi Ni, Kì í Ṣe Bàbá Dókítà

Inú ń bí mi di òní. Ọ̀pọ̀ ọdún ti kọjá lórí ọ̀rọ̀ yìí, àwọn ènìyàn sì máa ń sọ fún mi pé kí n gbàgbé, pé omi tó ti dànù kò ṣeé kó mọ́. Wọ́n lè sọ bẹ́ẹ̀. Kò sí ẹni tó jí òkú bàbá tiwọn lò.

Olùkọ́ èdè Yorùbá ni mí ní Ìṣẹ́-Èkìtì kí n tó fi ilé sílẹ̀. Ìpínlẹ̀ wa ṣẹ̀ṣẹ̀ dá dúró nígbà náà. Mo ṣì ń kọ ọ́ sójú pátákó fún àwọn ọmọ pé kí wọ́n yé kọ Oǹdó sí àdírẹ́sì wọn. Èmi tí mo ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní àdírẹ́sì ni mo wá di ẹni tí kò ní àdírẹ́sì tirẹ̀ ní Houston, ní Amẹ́ríkà, nínú yàrá kan tí Ìyá Kẹ́mi fún mi láti máa sùn. Ọmọ Emùré ni Ìyá Kẹ́mi. Òun àti ẹ̀gbọ́n mi jọ lọ sílé ìwé, ó sì ti pẹ́ níbẹ̀ kí n tó dé.

Wọ́n ti kìlọ̀ òtútù fún mi nílé títí etí mi fi kún. Ooru ni mo bá, ooru tó ń lẹ̀ mọ́ni lára bí aṣọ tí òjò pa. Ṣùgbọ́n ohun tó kọ́kọ́ yà mí lẹ́nu ni lẹ́tà. Nílé wa, bí lẹ́tà bá dé, ẹnìkan ló jókòó kọ ọ́, ó sì ní ìdí: ẹnìkan kú, ẹnìkan bímọ, tàbí ẹnìkan fẹ́ gbéyàwó. Ní Houston, ojoojúmọ́ ni àpótí lẹ́tà ń kún fún ìwé láti ọ̀dọ̀ ẹni tí kò mọ̀ wá rí. Ní ọ̀sẹ̀ kejì mi, ọ̀kan dé láti ọ̀dọ̀ dókítà eyín. “Ọ̀rẹ́ wa ọ̀wọ́n,” ló fi bẹ̀rẹ̀. Ó bèèrè àlàáfíà mi, ó sọ̀rọ̀ ajá rẹ̀ fún mi, ó ní inú òun yóò dùn bí mo bá lè mú ẹnìkan dání wá. Mo kà á dé ìparí. Kò tíì sí ẹni tó pè mí lọ́rẹ̀ẹ́ láti ọjọ́ tí mo ti dé. Mo ti mú bírò kí Ìyá Kẹ́mi tó wọlé.

“Kí lo ń kọ?”

“Mo fẹ́ dá dókítà eyín lóhùn, mà.”

Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. “Oníbàárà ló ń wá! Gbogbo àdúgbò ló fi irú rẹ̀ ránṣẹ́ sí.”

Mo bá a rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ojú tì mí. Mo ka ìwé náà lẹ́ẹ̀kan sí i kí n tó sọ ọ́ nù.

Ìyá Kẹ́mi ló wáṣẹ́ fún mi, pé kí n máa gbálẹ̀ ní ọ́fíìsì dókítà kan tó ń wo ẹ̀jẹ̀ ríru àti ìtọ̀ ṣúgà. Ọmọ wa ni dókítà yìí, ọmọ Ìkẹ́rẹ́. Nígbà tí mo gbọ́ bẹ́ẹ̀, ńṣe ni ọkàn mi balẹ̀. Láti Ìkẹ́rẹ́ sí Ìṣẹ́, bọ́ọ̀sì kan ṣoṣo ni. Mo rò pé ara ilé ẹni kò ní ṣàìmọ̀ ẹni.

“Ìṣẹ́ lo ti wá?” ló bi mí lọ́jọ́ àkọ́kọ́. “Ẹ̀yin ará oko kòkó! Kí lo ń ṣe nílé?”

“Tísà ni mí, sà.”

“Tísà.” Orúkọ tó ń pè mí nìyẹn láti ọjọ́ náà. Kò bèèrè èyí tí bàbá mi sọ mí rí.

Yàrá tí àwọn aláìsàn ti ń dúró dè é tóbi, àga rẹ̀ dára, ṣùgbọ́n eruku ni mo máa ń nù kúrò lórí ọ̀pọ̀ nínú wọn. Lóṣooṣù, òun náà máa ń tẹ ìwé bíi ti dókítà eyín. Ilé iṣẹ́ kan ló ń bá a kọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì. Èmi ni mo máa ń fi sí àpòòwé, tí mo ń lẹ sítáǹbù mọ́ ọn. Ó ṣàlàyé rẹ̀ fún mi lọ́jọ́ kan pé ní Amẹ́ríkà, dókítà kì í jókòó retí kí àìsàn gbé ènìyàn wá. Ẹni tó bá wá ni yóò júwe rẹ fún ẹlòmíràn, ìwé yìí ni kò sì ní jẹ́ kí ó gbàgbé láti júwe rẹ.

Lọ́jọ́ Sunday tó tẹ̀lé e, mo rí ìwé náà nínú garawa ìdọ̀tí ní ṣọ́ọ̀ṣì wa. Àwọn èyí tí mo fi ọwọ́ ara mi lẹ sítáǹbù mọ́ ni, tí a fi ránṣẹ́ sí àwọn ọmọ ìjọ ní àdírẹ́sì ṣọ́ọ̀ṣì. Ọ̀pọ̀ wọn ni ẹnikẹ́ni kò ṣí.

Ní Monday, mo gbé ìgbálẹ̀ ti ara ògiri. “Dókítà, ẹ jọ̀ọ́ sà, ìwé yín kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀.”

“Kí lo wí?”

“Àwọn ìyá tó ń wá kí ọmọ wọn níbí, Yorùbá ni wọ́n ń kà. Bíbélì Yorùbá ló wà lọ́wọ́ wọn ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹ bá wọn sọ̀rọ̀ bí ènìyàn.”

“Ó dára, Tísà. Kọ tìrẹ kí n rí i.”

Mo jókòó sídìí tábìlì Ìyá Kẹ́mi lọ́sàn-án Sunday kan, mo kọ nípa bàbá mi.

Mo kọ ọ́ pé orí máa ń fọ́ bàbá mi. Á dì í ní aṣọ, á ní oòrùn ni. Àwọn nọ́ọ̀sì wá sí àdúgbò wa nígbà kan, wọ́n ń yẹ àwọn àgbà wò láìgba kọ́bọ̀. Bàbá mi ní kí ni wọ́n fẹ́ rí lára òun, òun kì í ṣe ọ̀lẹ. Lọ́jọ́ kan, a ń la kòkó lóko, ó sì ní kí n bá òun mú àdá tó bọ́ lọ́wọ́ òun. Mo mú un fún un. Ọwọ́ kọ̀, kò gbà á. Ó wo ọwọ́ náà bí ẹni tó ń wo ọmọ aláìgbọràn. Àwọn ará oko ní ayé ló ta á lọ́fà. Wọ́n ń gbé e kiri fún ọjọ́ mọ́kànlá kí ẹnìkan tó sọ ọsibítù, ojú ọ̀nà Adó ló sì kú sí, orí rẹ̀ wà lórí itan mi. Mo kọ ọ́ pé kò sí ọfà kankan. Ẹ̀jẹ̀ ríru ni, ohun tí wọ́n lè fi rọ́bà tí wọ́n ń wé mọ́ apá rí láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún. Mo ní kí ẹni tó bá ní ìyá àti bàbá láàyè dìde kó mú wọn lọ yẹ̀ wò, kó má ṣe dúró títí àdá yóò fi bọ́.

Kọ̀ǹpútà Dókítà kò mọ àmì ohùn, nítorí náà mo fi bírò dúdú fa gbogbo rẹ̀ sórí ìwé náà, lọ́kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n tó ṣe fótókọ́pì rẹ̀. Mo kọ orúkọ mi sísàlẹ̀.

Nígbà tí Dókítà kà á tán, ó bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀, ó nù ún. “O mọ̀ ọ́n kọ,” ló wí. Inú mi dùn débi pé mo fọ fèrèsé lẹ́ẹ̀mejì lọ́jọ́ náà.

Ìwé jáde. Wọ́n pín in ní ṣọ́ọ̀ṣì. Mo gba tèmi lọ́wọ́ ọ̀kan nínú àwọn tó ń darí èrò, mo sì wo ìsàlẹ̀. Fọ́tò Dókítà ni mo rí, nínú ẹ̀wù funfun, ó ń rẹ́rìn-ín. Lábẹ́ rẹ̀ ni wọ́n kọ ọ́ sí pé òun ló kọ ọ́. Wọn kò yí lẹ́tà kan padà nínú ohun tí mo kọ. “Bàbá mi” ṣì wà níbẹ̀. “Orí rẹ̀ wà lórí itan mi” wà níbẹ̀. Itan Dókítà ni bàbá mi wá kú lé.

Nígbà tí ìsìn parí, àwọn ìyá yí i ká. “Dókítà, ẹ kú àṣẹ̀yìndè bàbá o. Ọlọ́run á tu ẹ̀yin ọmọ nínú.” Mo dúró lẹ́yìn wọn, mo ń retí ohun tí yóò sọ.

“A dúpẹ́ o,” ló dáhùn, ó tẹrí ba. “Bàbá gbìyànjú.”

Mo bá a ní ọ́fíìsì lọ́jọ́ kejì. “Dókítà, bàbá mi lẹ fi ṣe bàbá yín.”

“Tísà, jókòó.” Mi ò jókòó. “Ìwé ọ́fíìsì ni, kì í ṣe tìrẹ. Bí àwọn ènìyàn bá rí orúkọ agbálẹ̀ lábẹ́ rẹ̀, ta ni yóò wá? Èmi ni wọ́n fẹ́ rí. Ọmọ ilé ni wá, má jẹ́ ká sọ nǹkan kékeré di ńlá.”

Nǹkan kékeré. Ó yẹ kí n kúrò níbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Mi ò kúrò. Mi ò ní ibòmíràn láti lọ, mo sì ń jẹ oúnjẹ Ìyá Kẹ́mi. Ohun tó ń bí mi nínú jù nìyẹn, ju ohun tí Dókítà ṣe lọ: mo gbé ìgbálẹ̀ mi padà.

Fóònù bẹ̀rẹ̀ sí í dún. “Ìyá ọkọ mi ló ka ìwé yín.” “Wọ́n kà á fún wa ní ṣọ́ọ̀ṣì.” “Àbúrò mi tó wà ní Dallas ṣe fótókọ́pì rẹ̀.” Àwọn ènìyàn ń mú ìyá wọn wá, ìyá wọn ń mú ọ̀rẹ́ wá. Láàárín oṣù díẹ̀, Dókítà gba ìgbálẹ̀ lọ́wọ́ mi, ó fi mí sídìí fóònù, ó sì ní kí n máa kọ ìwé náà lọ lóṣooṣù. Mo ń kọ ọ́. Fọ́tò rẹ̀ ń rẹ́rìn-ín lábẹ́ rẹ̀. Mi ò tún fi ẹnikẹ́ni nínú ẹbí mi sí i mọ́, ìmọ̀ràn lásán ni mo ń kọ, nípa iyọ̀ àti ìrìn ẹsẹ̀.

Àwọn òyìnbó tó wà ní ilé ìtajà kò lè pe orúkọ mi, ó sì máa ń dùn mí. Ṣùgbọ́n mo wá rò ó dáadáa: ẹni tí kò lè pe orúkọ mi kò lè gbé e wọ̀ bí ẹ̀wù. Ẹni tó mọ̀ ọ́n pè, tó mọ Ìṣẹ́, tó mọ ohun tí bàbá jẹ́ fún ọmọ Èkìtì, òun ló mú un. Mo ti kà á kún ara ilé. Lẹ́yìn èyí, mi ò mọ ẹni tí mo lè pè bẹ́ẹ̀ mọ́.

Ní Sátidé àkọ́kọ́ nínú oṣù ni mo máa ń bá ìyá mi sọ̀rọ̀. Kò sí fóònù ní àdúgbò wa ní Ìṣẹ́ nígbà náà. Ìyá mi máa ń wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Ìkẹ́rẹ́, sí ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń gba ìpè, á jókòó sórí bẹ́ńṣì títí màá fi pè. Bí mo bá bèèrè bí ó ṣe wà, á ní dáadáa ni òun wà. Bí ó bá bèèrè bí mo ṣe wà, èmi náà á ní dáadáa ni. Irọ́ la máa ń fi kí ara wa, ohùn rẹ̀ ni mo ń rà.

Nígbà tó yá, Ìyá Kẹ́mi lọ sílé lọ ṣe àjọ̀dún ṣọ́ọ̀ṣì wọn ní Emùré. Kò sọ fún mi pé òun kó ìwé náà dání, ojú kò sì jẹ́ kí èmi náà sọ fún un rí pé bàbá mi ló wà nínú rẹ̀. Kò ní ibi lọ́kàn. Ó fẹ́ fi ọmọ Ìkẹ́rẹ́ yangàn ni. Ó yà ní Ìkẹ́rẹ́, ó bá ilé bàbá Dókítà lọ, ó sì fi ìwé náà lé bàbá àgbà kan lọ́wọ́ lẹ́nu ọ̀nà pé kó wo ohun tí ọmọ ilé wọn ń ṣe.

Bàbá Dókítà wà láàyè. Hẹ́dímásítà tó ti fẹ̀yìn tì ni, ilé rẹ̀ kò jìnnà sí ẹsẹ̀ òkè Olósùnta. Èmi kò mọ̀ pé ó wà láàyè. Ìyá Kẹ́mi náà kò mọ̀ àfi ìgbà tí ẹni tó gba ìwé náà ní òun gan-an ni bàbá Dókítà; ó ti rò pé ìyàwó olóògbé lòun ń lọ kí. Bàbá bi í pé ta ni ará ilé tó ń bá Dókítà ṣiṣẹ́, ó ní tísà Yorùbá kan láti Ìṣẹ́ ni.

Sátidé tí mo pè, ìyá mi kò kí mi rárá.

“Ọmọ mi, ta ni ó kọ ùwé tí ó ní bàbá rẹ ni bàbá òun?”

“Ìwé wo, mà?” ni mo bi í.

“Mo ń bi ọ́. Ukú bàbá rẹ tún di ohun tí ènìyàn ń jí? Bàbá àgbà kan wá sí ulé wa láti Ìkẹ́rẹ́. Ó ń bèèrè kiri Ìṣẹ́ pé ta ni ó kú tí wọ́n fi ọjọ́ mọ́kànlá gbé kiri, tí àdá bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn ènìyàn ní ọkọ mi ni. Ó dọ̀bálẹ̀ fún mi, ọmọ mi. Àgbàlagbà! Ó dọ̀bálẹ̀ nínú erùpẹ̀.” Ó ń sunkún. “Ó wà níbí. Gbà, bá a sọ̀rọ̀.”

Ohùn ọkùnrin àgbà bọ́ sórí fóònù, Yorùbá ilé ìwé, ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan dúró ní ààyè rẹ̀. “Ọmọ mi, ìwọ lo kọ ìwé yìí?”

“Èmi ni, sà.”

“Mo mọ̀ pé ọmọ mi kọ́ ló kọ ọ́. Èmi ni mo kọ́ ọ ní àmì ohùn, kò mọ̀ ọ́n rí. Ṣé ìwọ lo fi bàbá rẹ ta á lọ́rẹ?”

“Rárá, sà. Mo kọ orúkọ mi sí i. Wọ́n yọ ọ́.”

Mo gbọ́ ìyá mi tó ń fọn imú. “Má sọ ohunkóhun fún un,” ni bàbá wí. “Èmi ni màá pè é.”

Ní Monday, ọ́fíìsì kún. Mo gbé fóònù, mo kí, mo ní kí ni a lè ṣe fún yín.

“Ọmọ mi, kú iṣẹ́ o. Jọ̀ọ́, sọ fún dókítà pé bàbá rẹ̀ tó kú ló wà lórí fóònù.”

Mo kanlẹ̀kùn. Mo sọ ọ́ bí wọ́n ṣe rán mi, mi ò fi kún un, mi ò yọ kúrò nínú rẹ̀. Mo rí ojú Dókítà. Aláìsàn kan jókòó níwájú rẹ̀ pẹ̀lú rọ́bà lápá. Ó ní kí ìyẹn jáde díẹ̀. Ó ti ilẹ̀kùn. Mi ò gbọ́ ohun tí bàbá ń sọ, ohun tí ọmọ ń dáhùn nìkan ni mo ń gbọ́: “Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Rárá, sà. Mi ò rò pé yóò dé ilé, sà.”

Mi ò rò pé yóò dé ilé. Ọ̀rọ̀ yẹn ni mo máa ń rántí.

Nígbà tó jáde, ó wá dúró lórí mi. “Ta ló gbé ìwé lọ sí Ìkẹ́rẹ́?”

“Ẹ̀yin lẹ fi fọ́tò yín sí i, sà.”

Lẹ́yìn náà ni ohùn rẹ̀ rọ̀. “Bàbá ní òun kò ní gba ìpè mi mọ́ àfi bí mo bá tún un ṣe. Wò ó, màá tẹ̀ ẹ́ síbẹ̀ pé o ràn mí lọ́wọ́.”

“Ìrànlọ́wọ́ wo? Ṣé mo ràn yín lọ́wọ́ láti sin bàbá mi ni?” Àwọn tó wà lórí àga ti yíjú sí wa. Mi ò rẹ ohùn sílẹ̀. “Ẹ tẹ gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i. Orúkọ bàbá mi ní òkè, orúkọ mi nísàlẹ̀. Kí ẹ sì kọ ọ́ pé bàbá tiyín wà láàyè.”

Ó tẹ̀ ẹ́. Kò kí mi fún gbogbo ọ̀sẹ̀ náà, ṣùgbọ́n ó tẹ̀ ẹ́ bí mo ṣe wí, nítorí pé àwọn tó gbọ́ wa lọ́jọ́ Monday yẹn ti gbé e dé ṣọ́ọ̀ṣì kí Sunday tó pé. Mo fi mẹ́ta ránṣẹ́ sílé. Ìyá mi kò mọ̀wé. Bàbá Ìkẹ́rẹ́ ló wọ bọ́ọ̀sì lọ kà á fún un, ní ìyẹ̀wù wa, níwájú àwọn àbúrò bàbá mi.

Ní oṣù kejì, Dókítà ní kí n dá kọ́kọ́rọ́ padà. Ó ní iṣẹ́ ti dínkù. Lọ́jọ́ tó sọ ọ́, àga kò gba ènìyàn mọ́. Àwọn kan fẹ̀yìn ti ògiri.

Mo sunkún nínú bọ́ọ̀sì. Mi ò ní purọ́ pé mo ṣe akin. Ìyá Kẹ́mi, tí ojú ń tì nítorí ìwé tó gbé lọ, mú mi lọ sọ́dọ̀ dókítà tirẹ̀, obìnrin aláwọ̀ dúdú ọmọ Amẹ́ríkà, orí rẹ̀ ti funfun. Mo gbé ìwé méjèèjì síwájú rẹ̀, èyí tí wọ́n jí àti èyí tí wọ́n dá padà. Kò lè kà wọ́n. Ó fi ìka tọ́ àwọn àmì, ó bi mí ohun tí wọ́n jẹ́. Mo ní láìsí wọn, oko bàbá mi lè di ọkọ̀ bàbá mi, ó sì lè di ọkọ́.

“Fi gbogbo wọn sí i nígbà náà,” ló wí. “Orúkọ ta ni a ó kọ sísàlẹ̀?”

Mo sọ orúkọ mi. Ó ní kí n tún un sọ. Ó gbìyànjú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta kó tó bọ́ sí i lẹ́nu.

Ibẹ̀ ni mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Sátidé tí mo pe Ìkẹ́rẹ́, tí ìyá mi sì sọ fún mi pé Bàbá Ìkẹ́rẹ́ ti lọ sí ọsibítù. Ó ní kí n fara balẹ̀, pé ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ òun.

“Ìwé rẹ ló gbé mi lọ,” ni bàbá wí. “Lẹ́yìn tí mo kà á fún ìyá rẹ, mo ń darí bọ̀ nínú bọ́ọ̀sì, mo rò ó pé orí ti ń fọ́ èmi náà láti bí ọdún mẹ́ta. Èmi náà ń sọ pé oòrùn ni. Mo lọ ní ọjọ́ kejì. Nọ́ọ̀sì wo rọ́bà náà, ó ní kí n má dìde. Mo ti ń lo oògùn báyìí.”

“Ẹ kò sọ fún Dókítà rí, sà? Ní gbogbo ọdún mẹ́ta yìí?”

“Kò bi mí rí.”

Mo di ìdí fóònù mú, inú sì bí mi ju ti ọjọ́ tí mo rí fọ́tò yẹn lọ. Ọkùnrin tó ń wé rọ́bà mọ́ apá ìyá gbogbo ayé. Ó gba ẹ kú àṣẹ̀yìndè lórí bàbá rẹ̀ kó tó ronú láti bi í bóyá orí ń fọ́ ọ.

Bàbá mọ ohun tí mo ń rò. Ó ní kí n jẹ́jẹ̀ẹ́ fún òun pé mi ò ní kọ èyí sínú ìwé kankan nígbà tí òun bá ṣì wà láàyè, nítorí pé ọmọ òun náà ni. Mo jẹ́jẹ̀ẹ́.

Ó lo ọdún púpọ̀ sí i. Ó rí ọmọ ọmọ rẹ̀, ó sì sun oorun ìkẹyìn nínú ilé ara rẹ̀ ní Ìkẹ́rẹ́. Mo ti wá kọ ọ́ báyìí.